Àwòrán Rẹ Tí Wọ́n Pè Ní Òòyà

Fẹ́sítáàkì Táùn,
Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ọkọ mi, ìyá mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo kà á, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Ara mi le, oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun mi, kò sí ohun tó ń ṣe mí àfi ọ̀rọ̀ rẹ. O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń kọ̀wé. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, inú Bíbélì àti ìwé orin ni mo ti kọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí a bá fojú kanra, mo mọ ara mi. Màá gbé oúnjẹ fún ọ, màá máa wo ẹsẹ̀ mi, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu mi. Nítorí náà jẹ́ kí n fi ọwọ́ sọ ọ́. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣi nǹkan kọ, fi ojú ọmọ wò ó, má fi ojú tíṣà wò ó.

O ní wọ́n fi àwòrán rẹ ṣe ẹlẹ́yà. O ní àmì tí o yà fún eré ìdíje ńlá tí àwọn orílẹ̀-èdè ń bọ̀ wá ṣe lọ́dọ̀ wa, èyí tí wọn yóò tẹ̀ sára àsíá àti tíkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ àwọn eléré, o gbé e síwájú ìgbìmọ̀, bàbá kan sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òòyà rèé! Ṣé ìdíje irun dídì la fẹ́ gbà lálejò ni?" Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó gbé tíì wọlé fún wọn. Wọ́n ní kí o lọ mú òmíràn wá. O wá ní o ti kọ ìwé láti fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ní ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ti ọ̀la o, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ni wàá fi lé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́, kí o padà lọ máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní àwòrán yíyà. O ní, "Màámi, ojú tì mí wọ egungun."

Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Má fi ìwé yẹn lé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo ohun tí màá sọ títí dé ìsàlẹ̀, orí ẹyọ kan yẹn ló dúró lé.

Kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ kan fún ọ, má bínú sí mi. Nígbà tí mo ya àpò ìwé rẹ, àwòrán yẹn ló kọ́kọ́ já bọ́, mi ò sì tíì ka ọ̀rọ̀ kan. Mo gbé e fún ọkọ mi. (Ojú ṣì ń tì mí láti kọ "ọkọ mi" sílẹ̀ báyìí, opó àgbàlagbà bíi tèmi.) Mo ní, "Ẹ wò ó o, Àṣàkẹ́ ya òòyà ránṣẹ́ sí mi. Ó jọ pé ó rò pé mi ò dirun mọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ." Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó yí bébà náà sókè, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Kì í ṣe òòyà. Ọgbà ni. Ọgbà onígi tí wọ́n fi ń sé ewúrẹ́ mọ́lé." A ń jiyàn òòyà àti ọgbà lọ́wọ́ ni mo ka ìwé rẹ, tí mo rí i pé ẹsẹ̀ àwọn sáré-sáré ni, tí wọ́n tò lọ rẹrẹ.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, kì í ṣe ọ̀tá ló kún inú ìgbìmọ̀ yẹn. Bí ìyá tó bí ọ bá rí òòyà, òòyà ń bẹ níbẹ̀. Wọn ì bá ti fi ẹnu tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ ọ́, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rín gbé wá, òótọ́ náà ni.

Má sunkún. Ohun tí èmi fúnra mi ti rí ni mo fẹ́ fi gbà ọ́ níyànjú.

Èkíní, má máa fi iṣẹ́ pamọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa tú u síta.

Kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Ìyá Adéọlá ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ ọkùnrin kan nínú ìjọ wa gbé iṣẹ́ àsíá wá. Wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Kìnnìún, kìnnìún ni wọ́n sì fẹ́ kí a fi òwú aláwọ̀ wúrà rán sí àárín àsíá náà. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi dá, ó gbé e fún mi. Àṣàkẹ́, mi ò rí kìnnìún rí. Ta ló ń rí i ní Abẹ́òkúta? Ṣùgbọ́n ìyìn ti gun orí mi, mi ò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mo gbé aṣọ náà wọ yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú, màá da ìró bò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Rúùtù, ó bẹ̀ mí títí kí n jẹ́ kó rí i, mo ní, "Tètè lọ wá aṣọ tí wàá wọ̀, ọjọ́ ìkórè ni wàá rí i."

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n tú àsíá, atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbalaja. Kìnnìún kọ́! Ajá ni. Ajá tó sanra, tó dà bíi pé ó wé gèlè. Àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbó bí ajá. Kí ìsìn tó parí, orúkọ tuntun ti mọ́ ẹgbẹ́ náà lára: Ẹgbẹ́ Alájá. Olórí wọn kò kí mi mọ́ títí mo fi relé ọkọ. Rúùtù wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Etí ẹ̀ ló gùn jù. Ṣebí ká ní o fi hàn mí ni, à bá ti tú etí yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan."

Etí lásán o! Ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, ẹlòmíràn ló ń bá a rí i. Ìwọ náà sọ fún mi nígbà tí o wá kí mi gbẹ̀yìn pé o ti ilẹ̀kùn mọ́ra, pé ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní Yábàá kò gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n má bàa jí i yà. Ọmọ mi, ta ni yóò jí òòyà? Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ ti rí i, òun ni ì bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni ẹ̀ bá gbọ́ ọ. Èyí tí o bá tún yà, gbé e fún alákàrà, gbé e fún awakọ̀, má sọ ohun tó jẹ́ fún wọn, ṣáà bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.

Èkejì, má torí ìtìjú ọjọ́ kan sá kúrò nínú ilé.

Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa, àbúrò mi pàápàá kò gbọ́ ọ. O rí bí ibí ṣe rí lọ́jọ́ tí o sìn mí wá. Láti ìgbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún tí wọ́n kọ́ àwọn ilé yìí fún ti lọ, tí ìjọba fi ìbò pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ilé ló ṣì jọra bí ẹyin adìẹ. Ọ̀dà kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, àga tí wọ́n bá nínú wọn pàápàá, bákan náà ni. Ní Abẹ́òkúta, bí mo di ojú, ẹsẹ̀ mi mọ ilé. Kànga wà, òkúta wà, ilé tí páànù rẹ̀ dípẹtà wà. Níbí, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ilé, nọ́ńbà kì í sì í wọ̀ mí lórí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo lọ ra ẹja àti ẹ̀fọ́ ní Alákijà. Mo padà, mo yà sí kúlóòsì wa, òpópó kékeré tí a ń gbé, mo rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo ní ọkọ mi ti tètè dé láti ibi iṣẹ́. Mo wọlé, mo bọ́ bàtà, mo kọjá sí kíṣìnì, mo gé ẹ̀fọ́, mo tan sítóòfù, mo gbé ọbẹ̀ kaná. Àṣàkẹ́, mo tilẹ̀ ń kọrin. Mo rí i pé ìkòkò ti pọ̀ sí i, mo ní ọkọ mi ṣeun, ó rà á bò mí láṣìírí ni. Ẹnu orin ni mo wà tí ọkùnrin kan tó ró aṣọ mọ́ àyà fi jáde láti inú yàrá, tó ń nu ojú oorun.

Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé ìyàwó mi ló bẹ̀ yín kí ẹ wá bá a sebẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ta ni yín? Kí lẹ ń wá nínú ilé ọkọ mi?"

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ilé ọkọ yín? Ta ni ọkọ yín, mà?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Ṣé mo lè dárúkọ ọkọ mi ni? Ti bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, "Bàbá Àṣàkẹ́" ni mo ń pè é títí ó fi lọ. Ti èyí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n wà ní ìdálẹ̀, mi ò tíì ní ẹnu tí màá fi fi orúkọ wọn pè é. "Ẹ gbọ́ o" ni mò ń pè é títí di òní. Mo wá dúró gbagidi pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, mo ní, "Ọkọ mi ni... ọkọ mi tó ga díẹ̀, tó máa ń wọ awò ojú."

Ọkùnrin náà ní, "Àwọn tó ga díẹ̀ tí wọ́n ń wọ awò ojú pọ̀ ní Fẹ́sítáàkì o, mà. Nọ́ńbà mélòó ni ilé yín?"

Èèyàn tí kò mọ nọ́ńbà! Mo sá. Mo fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, mo fi agbọ̀n ọjà sílẹ̀, mo fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dé ìta, gbogbo ilẹ̀kùn ń wò mí bákan náà, ẹ̀rù bà mí láti ṣí òmíràn. Etí gọ́tà ni mo jókòó sí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán títí ọkọ mi fi dé láti ọ́fíìsì tó sì bá mi níbẹ̀. Ó kàn mú mi lọ́wọ́, ó mú mi wọlé. Ilé wa ló wà lẹ́yìn ibi tí mo jókòó sí gan-an.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo di ẹrù mi. Mo sọ fún un pé mò ń padà sí Abẹ́òkúta, pé ìlú yìí kò gbà mí, pé kí ó máà bínú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọkàn mi ń dá mi lóhùn pé, ìwọ opó tó fẹ́ ọkọ lọ́jọ́ alẹ́, kí lo ti rò tẹ́lẹ̀? Ọkọ mi kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ kó di ọjọ́ Àbámẹ́tà tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, kí n lè bá ọ gbé ẹrù dé ibùdókọ̀." Àṣàkẹ́, ọjọ́ díẹ̀ tó tọrọ yẹn ló gbà mí.

Torí pé kí Àbámẹ́tà tó pé ni obìnrin kan dé, tó ń pariwo láti ìta. "Ta ló ni bàtà yìí o? Níbo ni ìyàwó tó ń dáná fún ọkọ ọlọ́kọ ń gbé?"

Mo sá wọ yàrá. Ó wọlé wá bá mi níbẹ̀. Màmá Bọ́sẹ̀ ni, tó ni ilé tí mo ti sebẹ̀. Nígbà tí mò ń dáná, ẹ̀yìnkùlé ló wà tó ń sá aṣọ. Ó gbé bàtà mi lọ́wọ́ kan, ó gbé agbọ̀n mi lọ́wọ́ kejì.

Ó ní, "Ìyàwó, ọbẹ̀ yẹn dùn. A ti jẹ ẹ́ tán. Ọkọ mi ní kí n bi ọ́, ìgbà wo lo tún ń bọ̀?"

Mo fi ọwọ́ bojú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárí jì mí."

"Dárí kí ni jì ọ́? Gbé ojú sókè jàre. Èmi tí o rí yìí, lọ́sẹ̀ tí a kó dé, ilé tó kọjú sí tiwa ni mo ti lọ wẹ̀. Mo ti fọṣẹ sójú tán kí n tó gbọ́ ohùn ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ mi."

Mo yọ ọwọ́ lójú. "Ẹ̀yin náà?"

"Àbí ta ni kò ṣe é? Ọkọ mi fi kọ́kọ́rọ́ ja ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn títí wọ́n fi kígbe olè lé e lórí. Kò kàn sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún ọ ni."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó lọ, mo tú ẹrù mi.

Ọmọ mi, ká ní mo ti lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, màá gbé ìtìjú tí gbogbo àdúgbò jọ ní dé Abẹ́òkúta, màá sì rò pé èmi nìkan ni mo ni ín. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ náà rí. Lọ bá ẹnì kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yín, kí o bi í nírẹ̀lẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín wo ni wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín rí?" Wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ ti kúrò lọ́mọdé. Wo ohun tó gbé ọ ṣubú, kí o tó pinnu pé o ò ní rìn mọ́.

Ẹ̀kẹta, má wo àmì ẹlòmíràn yà.

O ní ọ̀gá kan dá a lábàá pé kí o wo irú èyí tí àwọn òyìnbó ṣe ní ìlú tiwọn, kí o ṣe é bẹ́ẹ̀, kí wàhálà tán. Gbọ́ èyí ná. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn, Màmá Bọ́sẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n so aṣọ pupa mọ́ irin fèrèsé iwájú ilé wa. Mo so ó. Láti òkè ọ̀nà ni mo ti ń rí i, tí ọkàn mi á sì balẹ̀. Kò pẹ́, ìyàwó kan ní ìsàlẹ̀ rí i pé ó dára, ó so pupa. Ẹnìkejì rẹ̀ so pupa. Ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí mo ti ọjà dé, gbogbo kúlóòsì pọ́n roro bíi ìgbà tí wọ́n ń ṣọdún. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mo ní, "Olúwa, ó tún ti dé o." Aṣọ aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun, tó ṣẹ́ kù lára yẹ̀rì mi àtijọ́, ni mo padà so. Àwọn aládùúgbò ní kò rẹwà. Mo ní kì í ṣe ẹwà ni mò ń wá, ilé mi ni mò ń wá.

Àmì tí gbogbo ayé ní kì í ṣe àmì mọ́. Bí o bá fẹ́ ya ohun kan, ya ohun tí ojú rẹ ti rí. Kìnnìún tí mi ò rí rí ló di ajá mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo sì fẹ́ kí o ronú nípa àwọn tó ń bọ̀ wá ṣeré yìí. Bí èmi ṣe rí lórí etí gọ́tà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn yóò rí. Èdè wa kò ní yé wọn, wọn kò ní mọ orúkọ ẹnì kan tí wọ́n lè dá. Ẹni tó ń wá omi, ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n, ẹni tó ṣi ẹnu ọ̀nà gbà ní pápá ìṣeré, ìyá tó sọ ọmọ nù láàárín èrò, òkè ni gbogbo wọn yóò gbójú sí láti wá àmì. Ìwọ ni wọ́n ní kí o ya àmì náà, àti ti ńlá tó máa wà lára àsíá, àti àwọn kékeré tó máa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. O rò pé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. Mo rò pé iṣẹ́ kí àlejò má sọnù ni. Ta lo fẹ́ kó ṣe é? Ẹni tí kò ṣìnà rí?

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, má dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí o kọ sí etí ìwé rẹ bíi pé o ò fẹ́ kí n rí i. O ní bí wọ́n tilẹ̀ gba àwòrán rẹ, orúkọ ìgbìmọ̀ ni yóò wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ọwọ́ Àṣàkẹ́ ni. Òótọ́ ni. Bíríkìlà ni bàbá rẹ. Mélòó nínú ògiri tó mọ ni orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀? Síbẹ̀, o rántí bó ṣe máa ń ṣe bí ẹ bá jọ kọjá lọ́dọ̀ ilé kan tó kọ́, á dúró, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri yẹn bí ẹni tó ń kí ẹṣin, á wá máa lọ. Irú ayọ̀ yẹn kò nílò orúkọ. Èmi ìyá rẹ, tí mo bá rí àsíá yẹn lọ́jọ́ kan, ayọ̀ inú mi nìkan á ti tó mi.

Ti ìgbìmọ̀ náà, bí o bá padà lọ síwájú wọn, kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà bí a ti kọ́ ọ, dìde, kí o sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orí tó dúró. Má bá bàbá tó rẹ́rìn-ín jà. Sọ fún un pé, "Ẹ ṣeun, sà, òòyà yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ti rí i." Ẹni tó bá gba àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gba pàṣán lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ nà án. Kí o sì jẹun kí o tó lọ. O máa ń gbàgbé oúnjẹ bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, ebi á wá máa bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó àwọn èèyàn ńlá.

Mo lẹ àwòrán rẹ mọ́ ògiri kíṣìnì, mo sì ti ń wò ó láti Ọjọ́bọ̀ bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín, ojú ìyá lásán ni mo fi ń wò ó, bí ohun tí mo máa sọ kò bá wúlò, fò ó. Lánàá ni mo ṣàdédé rí i pé ẹsẹ̀ kan wà ní apá òsì tí o gbé sókè díẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ń sáré! Ó ń sáré débi pé mo fẹ́ yà fún un lọ́nà. Àwọn yòókù ló dúró ṣánṣán bí ehín òòyà. Mi ò mọ ìdí tí o fi jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, bóyá ó ti rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí o ya ìyókù, bóyá ẹ̀rù ló bà ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ya ẹsẹ̀ kan yẹn kò gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn, mi ò sì lè pa á mọ́ra.

Ó ku ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lánàá náà.

Mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ fún ọkọ mi. Ní àárọ̀ Àbámẹ́tà mo gbọ́ tí nǹkan ń ró ní yàrá kejì. Mo lọ wò ó. Ó ti yọ ilẹ̀kùn yàrá náà kúrò, ó ti gbé e lé orí àpótí méjì, ó tẹ̀ba, ó ń fi bébà oníyanrìn ha á.

Mo ní, "Ẹ gbọ́ o, kí lẹ ń ṣe?"

Ó ní, "Tábìlì ìjẹun wa kéré jù fún irú bébà tí Àṣàkẹ́ ń lò. Mo rí i lọ́jọ́ tó wá, ilẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí, ẹ̀yìn sì ń dùn ún."

"Ilẹ̀kùn ìjọba nìyẹn o!"

"Ìjọba ò ní wá wò ó lọ́sẹ̀ yìí."

Mo ní, "Bó bá ní òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

Kò gbé ojú sókè. Ó na ọwọ́ sí agolo mílíìkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mì í, mo gbọ́ ìṣó tó ń dún nínú rẹ̀. Ó ní, "Mo kó ìṣó rẹ̀ pamọ́. Bí ó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, a ó kan ilẹ̀kùn padà, yóò jẹ́ yàrá tó lè sùn. Kò sí èyí tó burú ńbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ṣe wí, ọmọ mi. Èyíkéyìí tí o bá ṣe, yàrá wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni kí o wá, lẹ́yìn iṣẹ́, kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ọkọ mi ni yóò mú ìwé yìí dé ọ́fíìsì rẹ lọ́la, òun náà ni yóò sì dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀ Mazamaza, kí ìwọ náà má lọ sebẹ̀ fún ọkọ ọlọ́kọ. Mú bébà ńlá dání, mú gbogbo ọ̀dà rẹ. Bí o bá fẹ́, mú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ náà dání pẹ̀lú, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ti ta aṣọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà dípò ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà sì ti dán, ó tẹ́jú, ó gùn ju ìwọ alára lọ.

Agolo ìṣó yẹn ń bẹ lórí fèrèsé. Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí kó pẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi dípẹtà.

Kí Ọlọ́run tó fi ọwọ́ yẹn fún ọ má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́.

Èmi ni, Màámi rẹ.